Ìpẹtà Ara Gbòǹgbò Òṣíbàtà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sọ tó gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe èébú, kì í ṣe èpè. Mo ní, "Ó ti dípẹtà." Bí ẹ bá bi mí lọ́jọ́ náà pé ta ló jẹ̀bi, ìyá mi ni ǹ bá nawọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, àmọ́ ẹni tí mò ń bínú sí ti yí padà.

Tíṣà ni mí níbí ní Ìwó. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, mo sì ti lé lógójì ọdún kí n tó forúkọ sílẹ̀ fún oyè másítà ní yunifásítì kan tí kò sí nítòsí. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú àwọn fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ́lé, èmi ń kàwé nípa ewé orí omi. Ewé orí omi gan-an kọ́ ni mò ń kàwé nípa rẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni, nínú ẹrẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé.

Gbogbo wa la mọ òṣíbàtà. A máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, nítorí pé orí omi ló máa ń wà. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tí ojú gbòǹgbò rẹ̀ ń rí nísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, kò sí afẹ́fẹ́ tó dáa nínú rẹ̀ rárá. Ẹ ri gbòǹgbò àgbàdo sínú rẹ̀, kò ní pẹ́ jẹrà. Ti òṣíbàtà kì í jẹrà. Ewé rẹ̀ tó wà lókè ló ń gba afẹ́fẹ́ sínú, afẹ́fẹ́ náà á gba inú ọ̀pá ewé tó kún fún ihò sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò, gbòǹgbò á sì tú díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tó yí i ká. Afẹ́fẹ́ burúkú inú ẹrẹ̀ náà á wá bá ọ̀nà yẹn gòkè. Wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀ lábẹ́ ibẹ̀, a ò sì mọ̀. Irin wà nínú ẹrẹ̀ wa, ó ti yòrò mọ́ omi rẹ̀. Níbi tí ọ́síjìn tó ń ti inú gbòǹgbò jáde bá ti kan irin yìí, irin á dípẹtà, á sì lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ní pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí pupa yẹn, ẹ ti rí ibi tí gbòǹgbò mí sí. Pupa yẹn ni mò ń wá.

Ilé tí mo háyà kò ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo gbé iṣẹ́ náà lọ, ní agboolé wa ní àdúgbò àtijọ́. Mo bẹ àwọn tó ń ṣe fèrèsé, wọ́n fi gíláàsì ṣe àpótí mẹ́ta fún mi, kí n lè máa rí gbòǹgbò láti ẹ̀gbẹ́. Àkùrọ̀ kan lọ́nà Ilé-Ogbó ni mo ti wa ẹrẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ dákun, èrò ni mò ń gbé, mi ò kí ń gbókùú." Ẹlẹ́ẹ̀kejì ò tiẹ̀ dúró. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gbé mi, àmọ́ ó ń tutọ́ síta títí a fi dé Ìwó, mo sì mọ̀ pé èmi ló ń tutọ́ náà fún.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ojú mi rí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí màámi jẹ́. Màámi a máa fọ nǹkan. Ìkòkò tí wọn kò tíì lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ kẹ́yìn, wọ́n á tún un fọ̀. Wọ́n á fọ bàtà àlejò kí àlejò tó jí. Nígbà èwe wọn, àwọn ni wọ́n máa ń pè ní àdúgbò wa láti lé làálì fún ìyàwó, kí wọ́n tó sì fi làálì kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti fi kànìnkànìn fọ ẹsẹ̀ náà títí ìyàwó á fi figbe ta. Àwọn kan lára àwọn ìyàwó yẹn ti di ìyá àgbà báyìí, wọn ò tíì gbàgbé.

Ẹni tí mo gbé ẹrẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ káàánú mi.

Gbòǹgbò kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà mo tọrọ híjáàbù dúdú kan tó ti gbó lọ́wọ́ wọn, mo fi bo àwọn àpótí náà. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fọ híjáàbù, wọ́n ti sá a sórí okùn, àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà gbalaja nínú oòrùn.

"Màámi, mo ní kẹ́ ẹ má ṣí i."

"Ẹrẹ̀ ti ta sí i."

"Ẹrẹ̀ ló ń bò, Màámi! Kí lẹ fẹ́ kó ta sí i, àtíkè?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gba ilé-ìwé lọ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Àlùfáà ni wọ́n, iwájú ilé wa ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti yí síhà ọ̀dọ̀ wọn, òórùn ẹrẹ̀ mi á dé ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ ò ka kéwú mọ́, imú ni wọ́n ń dì. Màámi ló gbèjà mi, mi ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn. Wọ́n yọjú láti ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Iṣẹ́ ọmọ mi ni. Kí wọ́n fọwọ́ kan dimú, kí wọ́n fi ìkejì di wàláà mú."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màámi bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe gan-an. Mo rántí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, ó wù mí kí n lè gbàgbé. Ní àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ibẹ̀?" Mo ní, "Wọ́n ń mí, Màámi." Nígbà kejì, wọ́n ní, "Mí báwo? Wọ́n nímú ni?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n parí ohun tí mò ń kọ ná. Nígbà kẹta, mò ń máàkì ìwé ìdánwò lórí ẹní wọn, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n bá kọjá lọ sídìí kànga.

Mò ń kánjú ni. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí kì í gbé ìpè ẹnikẹ́ni, ti ń múra láti lọ lo ọdún kan lókè òkun. Wọ́n ní fọ́tò tí mò ń fi ránṣẹ́ kò tó. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, wọ́n fẹ́ gbé e wá fúnra wọn, kí wọ́n tì í bọ inú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, kí ó sọ bí ọ́síjìn tó ń jáde ṣe pọ̀ tó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti fọwọ́ kan ẹrẹ̀ náà. Bí wọ́n bá rí i bí mo ti wí, wọ́n á buwọ́ lu iṣẹ́ mi kí wọ́n tó wọ bàálù. Bí wọn kò bá rí i, ó di ìgbà tí wọ́n bá dé. Màámi kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ, àmọ́ wọ́n mọ̀ dáadáa pé ọwọ́ ọ̀gá mi ni oyè mi wà. Wọ́n ti sọ fún gbogbo agboolé pé lọ́dún yìí ni ọmọ àwọn máa dé fìlà onígun mẹ́rin. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ohun tí wọ́n sì máa ń wí ni pé kí àwọn ṣáà ti rí fìlà náà lórí mi kí ojú tó wọlé tán.

Lówùúrọ̀ Sátidé kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, mo ká aṣọ kúrò lára àpótí kìíní. Ó ti pọ́n. Lára gíláàsì, nínú ẹrẹ̀ dúdú yẹn, gbogbo gbòǹgbò tó hàn sí mi ló pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ṣí ìkejì, mo ṣí ìkẹta, bákan náà ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀rinrin, omijé bọ́ lójú mi. Mo pe ọ̀gá mi, àfi bí idán, wọ́n gbé e.

"Ọ̀gá, ó ti dípẹtà o. Gbogbo ẹ̀ ló ti dípẹtà. Alihamudulilahi."

Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni àwọn máa wá. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, màámi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

"Ó dípẹtà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." Mò ń nujú.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Ọ̀gá yín sì ń bọ̀ Ọjọ́bọ̀?"

"Wọ́n ń bọ̀."

Wọ́n mirí. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ò ní dójú tì wá." Mo ṣe àmín, mo gbé báàgì mi, mo sáré jáde. Mo níbi tí mò ń lọ ní Olúpọ̀nnà, mo sì ti pẹ́. Iṣẹ́ iléèwé kò jẹ́ kí n padà síbẹ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbàyè níléèwé, mo lọ dúró de ọ̀gá mi lẹ́bàá títì, mo sì mú wọn wọ agboolé. Òórùn tùràrí ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Òórùn ẹrẹ̀ kò sí mọ́.

Màámi ti wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ yídì. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi, ọ̀gá mi sáré dì wọ́n mú. Wọ́n ní kí a máa bọ̀ lẹ́yìnkùlé, ohun gbogbo ti wà ní sẹpẹ́. Bí a ti dé ibẹ̀, wọ́n ká híjáàbù náà kúrò. Ó mọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́.

Gíláàsì ń dán. Omi kànga tó mọ́ gaara ló wà nínú àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹrẹ̀. Òṣíbàtà mi wà lórí tírè tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò pàtàkì, wọ́n tẹ́ aṣọ sí i lábẹ́, wọ́n tò wọ́n tẹ̀léra, gbòǹgbò wọn sì funfun bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Kànìnkànìn wà lẹ́bàá kànga pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. Kànìnkànìn náà pọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án mi ló wà lára kànìnkànìn yẹn.

"Kò rọrùn o," màámi ń sọ fún ọ̀gá mi, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. "Ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Àmọ́ mo ti bó gbogbo ìpẹtà yẹn kúrò. Kò ku ẹyọ kan."

Mo pariwo. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo pariwo mọ́ ìyá mi níwájú àlejò. Mo ní, "Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Màámi, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?" Mo ní wọ́n ti bayé mi jẹ́. Àwọn ọmọ kéwú níwájú ilé gbọ́ mi, gbogbo agboolé ló gbọ́ mi. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu màámi, síbẹ̀ wọ́n ṣì di tírè náà mú, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

"Ó tó," ọ̀gá mi sọ fún mi. "Ìyá ẹ ni." Wọ́n gba omi mu, wọ́n kí màámi pé iṣẹ́ wọn mọ́, wọ́n sì dá ẹ̀rọ náà padà sínú àpò láìṣí i. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, wọ́n ní kí n má bínú, àwọn ò lè buwọ́ lu ohun tí àwọn ò wọ̀n. Wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wọ bàálù.

Mo padà wọlé láti jà sí i. Màámi ti jókòó sórí àpótí ìdáná, tírè wà lórí itan wọn.

"O ní ó dípẹtà," ni wọ́n wí. "O jókòó sílẹ̀, ò ń sunkún. O ní Alihamudulilahi. O ní ọ̀gá yín ń bọ̀. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Nílé wa, bí ọmọ bá yege, Alihamudulilahi la máa ń wí. Bí òrùlé bá ṣí lọ, Alihamudulilahi náà la máa ń wí. Kí ni ìpẹtà sì jẹ́ létí ẹni tó ti ń fọ ìkòkò láti kékeré? Àbùkù ni. Wọ́n rí ọmọ wọn tó ń sunkún nítorí àbùkù, tó ń gbà fún Ọlọ́run, tí ọ̀gá sì ń bọ̀ wá rí àbùkù náà. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin fọ̀ ọ́ kúrò pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáadáa.

"Mo bi ẹ́ nígbà mẹ́ta," ni màámi wí. "O ò là á yé mi."

Ìyẹn gan-an ló ká mi lára jù, nítorí pé òótọ́ ni. Bí ọmọ ọlọ́mọ ogójì bá wà nínú kíláàsì kan, tí ọ̀kan kò bá mọ ohun tí gbòǹgbò ń ṣe, mo lè tún un wí títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Ìjọba ò tiẹ̀ rán mi pé kí n tún un wí. Ìyá mi bi mí nígbà mẹ́ta, nígbà kẹta mo dibọ́n pé mi ò gbọ́. Inú bí mi sí ara mi débi pé mi ò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún mi, màámi sì rò pé àwọn ni mo ṣì ń bínú sí, wọ́n bá tún lọ fọ abọ́ oúnjẹ náà.

Oṣù díẹ̀ kí ọ̀gá mi tó dé láti òkè òkun, mo tún lọ wa ẹrẹ̀ lọ́nà Ilé-Ogbó. Oníkẹ̀kẹ́ tún sọ̀rọ̀ òkú sí mi, bí ẹni pé wọ́n jọ ń kọ́ ọ níbì kan. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó gbin ohunkóhun, mo gé ọ̀pá ewé òṣíbàtà kan, mo bá màámi jókòó, mo fi àwọn ihò inú rẹ̀ hàn wọ́n. Mo ti orí kan bọ inú omi abọ́, mo fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí orí kejì. Omi hó. Màámi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi etí ìró wọn nu ibi tí ẹnu mi kàn, wọ́n fẹ́ ẹ. Omi tún hó.

"Háà," ni wọ́n wí. "Àṣé ibí ló ń gbà mí."

Mo ṣàlàyé ìyókù fún wọn, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sọ̀kalẹ̀, bó ṣe ń jáde sínú ẹrẹ̀, bí irin ṣe ń pọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀. Wọ́n ní, "Kì í wá ṣe pé ó ń bàjẹ́?"

"Rárá o, Màámi. Òun gan-an la fi mọ̀ pé ó ń mí."

"Orúkọ tí o sọ ọ́ ni ò dáa," ni wọ́n wí, wọ́n bá dìde.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sún mọ́ àpótí mi. Híjáàbù kún fún ẹrẹ̀, wọn ò fọ̀ ọ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn ná wọn, nítorí mo rí i bí wọ́n ṣe ń yíjú kúrò lára rẹ̀ tí wọ́n bá ń kọjá. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ̀rọ̀ òórùn, màámi á ní kí wọ́n gbé kéwú lọ sí ibòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ kan kí ọ̀gá mi tó wá, mo wà níléèwé nígbà tí màámi pè mí. "Ó ti lé làálì o," ni wọ́n wí.

"Ta ló lé làálì, Màámi?" Mo rò pé wọ́n ti gba iṣẹ́ ìyàwó kan, pẹ̀lú ojú yẹn.

"Òṣíbàtà rẹ ni. Mo ká aṣọ náà díẹ̀, mo fojú kan gíláàsì báyìí. Ó ti mú un dáadáa."

Mo dúró nínú ọgbà iléèwé, fóònù wà létí mi. Làálì. Ewé tí wọ́n gún, tó dúdú bí ẹrẹ̀, tí wọ́n fi bo ẹsẹ̀ ìyàwó, tí wọ́n sì dì í pinpin. Tí wọ́n bá máa tú u, pupa ló kù lára. Kò sí obìnrin kan ní àdúgbò wa tó máa rí pupa yẹn tó máa sáré wá kànìnkànìn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílé wa kí wọ́n tó bí mi, lẹ́nu ẹni tí mo kọ̀ láti dá lóhùn.

Ọ̀gá mi padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, òórùn ẹrẹ̀ ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, inú mi sì dùn sí i. Màámi fúnra wọn ló ká aṣọ kúrò, tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá káwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n na ìka sí ojú omi láti ti ewé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè ráyè ti ẹ̀rọ wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," màámi wí, wọ́n ti nawọ́ sáàárín. "Ẹ rọra o. Làálì ẹ̀ ò tíì gbẹ."

Ọ̀gá mi fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn kíá. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní kí ni ìyá ń wí.

Mo ní kí wọ́n bi màámi.